Ẹni Tó Máa Darí, Kó Kọ́kọ́ Kọ́ni: Ìwà Aṣáájú Tó Yọrí, Láti Ìlú Sókótó

Orí yìí wà fún gbogbo ẹni tí a fi èèyàn sí níkàáwọ́: ọ̀gá iléèwé, kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, alága ẹgbẹ́ ọlọ́jà, fọ́máànù níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́, ìyá ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé àṣẹ ló ń sọ èèyàn di aṣáájú. Bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la ti rí ọ̀gá tó jẹ́ pé bí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ á dẹnu kọlẹ̀. A sì ti rí èyí tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, tí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà ṣì ń ṣe é bó ṣe yẹ. Ọ̀gá àkọ́kọ́ ń pàṣẹ, èkejì ń kọ́ni.

Sókótó la ti máa mú àpẹẹrẹ wa, nítorí pé ọwọ́ olùkọ́ ni ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Shehu Usman dan Fodio fi ń ti abúlé Degel jáde, tó ń wàásù káàkiri ilẹ̀ Gobir, Kebbi àti Zamfara, tó ń kọ́ tọkùnrin tobìnrin, kí ogun jìhádì tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1804. Muhammad Bello ọmọ rẹ̀ ló tẹ Sókótó dó ní 1809. Abdullahi àbúrò Shehu, Bello fúnra rẹ̀, àti Nana Asma'u ọmọ Shehu lóbìnrin, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í kọ́ni, tí kì í sì í kọ̀wé. Àṣà náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí bàbá wa mọ̀. Ahmadu Bello, Sàrdáúnà Sókótó, ṣe tíṣà ní Sokoto Middle School láti 1931 sí 1934, ọdún gbọgbọrọ kó tó di olórí ìjọba Àríwá. Iléèwé kan náà ni Shehu Shagari ti kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì kó tó di ààrẹ Nàìjíríà ní 1979.

A mọ̀ pé ogun wà nínú ìtàn yìí. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ orúkọ Sókótó á rántí Ìlọrin, á sì rántí bí Ọ̀yọ́ Ilé ṣe tú. A kò mú àwọn èèyàn yìí wá láti sọ wọ́n di ẹni mímọ́. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, àwọn tó bá wọn gbé náà kọ tiwọn, èyí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti wo ìwà wọn fínnífínní ká sì mú èyí tó wúlò.

ÌWÀ KÌÍNÍ: WỌ́N Ń KỌ́ ẸNI TÍ YÓÒ KỌ́ ẸLÒMÍRÀN

Ọdún 1793 ni wọ́n bí Nana Asma'u. Ìbejì ni; Hassan lorúkọ èkejì rẹ̀ ọkùnrin. Ó gbọ́ Lárúbáwá, Fúlàní, Haúsá àti èdè àwọn Tuareg. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1830, ogun ti rọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ńlá kan wà nílẹ̀: àwọn obìnrin abúlé kò mọ ẹ̀sìn tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe. Ọ̀pọ̀ wọn ni ogun kó wọlé, àwọn mìíràn wà nínú ẹ̀há, kò sì sí bí obìnrin kan ṣe lè ti Sókótó dé gbogbo abúlé.

Asma'u kò gbìyànjú láti dé gbogbo ibẹ̀. Ó wá obìnrin kan ní abúlé kọ̀ọ̀kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún, ó sì fi í ṣe olórí. Jaji ni wọ́n ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀, 'Yan Taru sì ni orúkọ ẹgbẹ́ náà lápapọ̀. Jaji á kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn wá sí Sókótó, wọ́n á jókòó ti Asma'u, wọ́n á kọ́ ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n á sì gbé e padà sílé fún àwọn tí kò lè jáde. Ẹ wo irú ẹni tí ń rìnrìn àjò náà: àgbà obìnrin tó ti kúrò lójú ọmọ bíbí, àti ọmọbìnrin kékeré tí kò tíì wọ ilé ọkọ. Abiyamọ tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní láti fi ilé sílẹ̀ kó tó rí ẹ̀kọ́ kọ́, nítorí ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá bá a nínú yàrá rẹ̀.

Ọjọ́ tí Asma'u bá fi obìnrin jẹ jaji, ó máa ń fún un ní malfa, fìlà ńlá tí a fi koríko hun, á sì so aṣọ pupa mọ́ ọn. Fìlà náà kì í ṣe tuntun lójú ará Gobir. Inna, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn ẹlẹ́sìn bòrí, ìyẹn àwọn olùbọ ẹ̀mí, ní Gobir, ló ń dé irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Asma'u mú àmì tí gbogbo obìnrin ilẹ̀ náà ti mọ̀ sí àmì ọlá, ó gbé e lé ẹni tó ń gbé ẹ̀kọ́ tuntun káàkiri lórí. Bí jaji bá yọ lókèèrè pẹ̀lú fìlà yẹn, kò ní láti máa ṣàlàyé ẹni tó rán an.

Bí ẹ ṣe máa fi èyí ṣiṣẹ́:

Ẹ má kọ́ gbogbo ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ní ogójì èèyàn, ẹ mú mẹ́rin, ẹ kọ́ wọn dáadáa, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì mú mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ yín lẹ́yìn náà ni láti máa wo bí àwọn mẹ́rin ṣe ń kọ́ ìyókù.

Ẹ mú ẹni tó ní àyè àti ọ̀wọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ jù lè má ní sùúrù láti kọ́ni. Ẹni tó pariwo jù lè má ní ẹni tí yóò gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé ta ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sáré lọ bá nígbà tí ọ̀gá kò bá sí nítòsí. Onítọ̀hún ni jaji yín.

Ẹ fún un ní àmì. Kóòṣì lè so bánǹdì kápútẹ́nì mọ́ ọn lápá ní ọjọ́ ìgbáradì pẹ̀lú, kó má jẹ́ ọjọ́ ìdíje nìkan. Alága ọjà lè fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìpàdé sí i lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí a kò fi àmì sí, àwọn èèyàn á rò pé òun ló gbé ara rẹ̀ dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó máa padà wá. Jaji kì í gba ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan kó parí. Ẹ dá ọjọ́ tí àwọn aṣojú yín á máa wá jókòó, kí wọ́n sọ ohun tó ṣòro fún wọn. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló mọ bí a ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ bí ọmọ láìjẹ́ pé a jókòó tì í.

ÌWÀ KEJÌ: Ẹ̀KỌ́ WỌN Ń DÚRÓ LÓRÍ

Orin àti ewì ni Asma'u fi kọ́ àwọn obìnrin náà. Èyí tó kù lónìí nínú iṣẹ́ rẹ̀ lé ní ọgọ́ta. Ó kọ ti àwọn ààfáà ní Lárúbáwá, ó kọ ti àwọn ẹbí àti ará rẹ̀ ní Fúlàní, ó sì kọ ti àwọn mẹ̀kúnnù ní Haúsá. Obìnrin tí kò mọ̀wé lè gbé odindi ẹ̀kọ́ lọ sílé láì mú ìwé kankan dání, kó máa kọ ọ́ lórin bó ṣe ń lọ ọkà.

Fún àwọn tó wà nípò àṣẹ lọ́nà jíjìn, ìwé ni wọ́n lò. Abdullahi kọ Diya' al-hukkam fún àwọn ará Kano, kí wọ́n lè mọ bí a ṣe ń ṣèjọba. Bello kọ ìwé Usul al-siyasa sí Umaru Dallaji, ẹni tó jẹ́ ọba Katsina. Kò fi ọ̀rọ̀ ńláńlá nìkan kún un. Ó kà á bí iṣẹ́ olórí láti máa tọ́jú àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, aránṣọ àti aláró, kó sì máa mójú tó ọjà, ojú ọ̀nà àti odi ìlú. Ọba tó gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò lè sọ lọ́la pé òun kò mọ ohun tí wọ́n rán òun.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ọjọ́ kan, kókó kan. Ẹ sọ kókó náà di gbólóhùn kúkúrú tó ṣeé tẹnu mọ́. Obìnrin kan tó ń kọ́ ọmọ títà ní ṣọ́ọ̀bù kò nílò ìwàásù, kó sọ pé, “Gbowó, kà á, kọ ọ́, kó o tó fún wọn lọ́jà.” Bí ọmọ náà bá ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀kọ́ ti wọlé. Èkejì, iṣẹ́ tí ẹ bá gbé fún ẹni tó wà níbi tí ojú yín kò tó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tó máa ṣe, ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe láì béèrè, àti ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ sì ronú nípa èdè. Yorùbá tó ń gba iṣẹ́ ilé kíkọ́ ṣe ní Sókótó, tí àwọn lébìrà rẹ̀ jẹ́ Haúsá, ń fi owó ṣòfò bó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kò gbọ́ pàṣẹ fún wọn. Kó kọ́ Haúsá tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, kó sì jẹ́ kí àgbà lébìrà kan tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí Asma'u ṣe náà nìyẹn.

ÌWÀ KẸTA: WỌN KÌ Í JẸUN LÁRA ÀWỌN TÍ WỌ́N Ń DARÍ

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa Shehu ni pé ó ń lọ́ okùn tà láti fi gbọ́ bùkátà. Àwọn tó sún mọ́ Bello náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ nínú owó ìlú, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Láti 1817 títí di ikú rẹ̀ ní 1837 ló fi jẹ́ olórí ilẹ̀ tó gbòòrò bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin 'Yan Taru máa ń mú ọrẹ wá fún Asma'u bí wọ́n bá ti ń bọ̀. Ó máa ń pín in fún àwọn aláìní.

Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn, àmọ́ òun ló ń ba ẹgbẹ́ jẹ́ jù. Kóòṣì tó bá ti gba owó lọ́wọ́ bàbá ọmọ kan kí ọmọ náà lè wọ pápá, gbogbo ọmọ tó kù ti mọ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Fọ́máànù tó bá ń yọ nínú owó iṣẹ́ òòjọ́ lébìrà kò lè rí wọn kọ́ mọ́. Ẹ ya owó ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára tiyín, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i kí ó tó jáde, kí ẹ sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sókè létí gbogbo ẹgbẹ́ lóṣooṣù, kódà bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì náírà péré ló wọlé.

ÌWÀ KẸRIN: WỌN KÒ DÁWỌ́ Ẹ̀KỌ́ DÚRÓ

Ní oṣù kẹta ọdún 1824, òyìnbó ará Scotland kan, Hugh Clapperton, wọ Sókótó. Nínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀ ló ti sọ ohun tó bá pàdé. Bello bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè nípa ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì, ó ń jìn sí i, títí Clapperton fi gbà pé òun kò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tó fi àwòrán ojú ọ̀run hàn án, Bello mọ ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ní orúkọ Lárúbáwá wọn. Nígbà tí Clapperton padà wá ní 1826, ìwé Euclid lórí ìṣirò, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Lárúbáwá, wà nínú ẹrù rẹ̀. Bello sọ fún un pé ẹbí òun ti ní irú rẹ̀ kan rí tí wọ́n rà wá láti Mẹ́kà, àmọ́ iná tó jó apá kan ilé òun ló jó o.

Àlejò ni olùkọ́, ọba ni akẹ́kọ̀ọ́, ojú kò sì ti ọba. Aṣáájú tó bá ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà mọ̀ pé òun kò mọ nǹkan kan yóò dẹ́kun ìbéèrè bíbi, ọjọ́ náà ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Ẹ fi í sínú ìṣe yín báyìí: lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ẹnì kan tó kéré sí yín lọ́jọ́ orí tàbí nípò ní ìbéèrè kan nípa iṣẹ́ rẹ̀ tí ẹ kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ má ṣe fi “mo mọ̀ bẹ́ẹ̀” dá a lẹ́nu. Ọmọ tó ń gba bọ́ọ̀lù lápá òsì lè mọ ohun kan nípa pápá yín tí ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lè rí láéláé.

Ẹ tún gbọ́ ìyókù ìtàn náà. Nígbà ìbẹ̀wò kejì, Bello ń bá Borno jagun. Ó fura sí Clapperton pé ó ń ru ohun tó lè ran ọ̀tá lọ́wọ́, ó sì gba lẹ́tà àti ẹ̀bùn tó ń mú lọ fún El-Kanemi, aṣáájú ilẹ̀ Borno, lọ́wọ́ rẹ̀. Àárín wọn bàjẹ́. Nítòsí Sókótó ni Clapperton kú sí ní oṣù kẹrin 1827. Ẹni kan náà tó ń fi ọkàn balẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ ní 1824 ló di ẹni tí kò gbọ́ àlàyé ní ọdún méjì lẹ́yìn náà. Ìbẹ̀rù máa ń gba ìwà rere lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ kíyè sí ara yín nígbà tí ẹgbẹ́ yín bá ń pàdánù, nígbà tí owó bá tán, nígbà tí ọ̀gá àgbà bá ń halẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè bíbi ṣe pàtàkì jù, ìgbà yẹn náà la sì máa ń gbàgbé rẹ̀.

ÌWÀ KARÙN-ÚN: WỌ́N Ń GBỌ́ ÀTAKÒ, WỌ́N SÌ MỌ BÍ A ṢE Ń PARÍ ÌJÀ

El-Kanemi yìí ló kọ lẹ́tà sí àwọn olórí Sókótó láti bi wọ́n pé ẹ̀tọ́ wo ni wọ́n ní láti bá àwọn Mùsùlùmí Borno jà. Ìbéèrè náà gbóná. Bello fèsì, ó kọ̀, ó ṣàríyànjiyàn. Àmọ́ nígbà tó ń kọ ìtàn ìjà wọn, Infaq al-maysur, tó parí ní 1812, ó fi ọ̀rọ̀ El-Kanemi sínú rẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá ka ìwé Bello lè gbọ́ ẹ̀dùn alátakò rẹ̀, kó sì fúnra rẹ̀ pinnu ẹni tó jàre. Aṣáájú mélòó ló lè jẹ́ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ alátakò sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé láìgé e kù?

Ìjà tó tún sún mọ́lé jù wà láàárín Bello àti Abdullahi, àbúrò bàbá rẹ̀. Nígbà tí Shehu kú ní Sókótó ní 1817, Bello ni wọ́n fi jẹ. Abdullahi, tó jẹ́ àgbà, tó mọ̀wé, tó sì ti jagun, dé ìlú, ó sì bá ibodè ní títì. Ó padà sí Gwandu tìbínútìbínú. Ọdún mélòó kan ni ara kò fi rọ̀ wọ́n.

Ní nǹkan bí 1821, ọ̀tẹ̀ dìde sí Abdullahi ní Kalambaina, nítòsí Gwandu. Bello kó ọmọ ogun lọ ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì ṣẹ́gun. Lẹ́yìn ìjà, àwọn méjèèjì pàdé lórí ẹṣin. Abdullahi fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti kí Bello bí a ṣe ń kí olórí. Bello ṣe àmì sí i pé kó má sọ̀kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì tẹrí ba lórí ẹṣin, ó kí Abdullahi bí ọmọ ṣe ń kí bàbá rẹ̀. Ipò kò yí padà: Bello ṣì ni olórí. Àmọ́ ó fi ọ̀wọ̀ àgbà lé e lórí níwájú àwọn ọmọ ogun, ìjà ọdún mẹ́rin sì parí láìsí ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Yorùbá kò nílò àlàyé lórí èyí. Ẹni tó bá di ọ̀gá lórí ẹni tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ipò kò sọ ẹ̀gbọ́n di àbúrò. Bí wọ́n bá fi yín ṣe olórí ẹ̀ka, tí ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́ sì wà lábẹ́ yín, ẹ máa pè é ní orúkọ tí ẹ ti ń pè é tẹ́lẹ̀, “Bùọ̀dá” tàbí “Ìyá wa”. Ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ kí ẹ tó mú ìpinnu tó kàn án wá síta. Bí ìjà bá ti wà nílẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ó máa wá tọrọ àforíjì. Ẹ wá iṣẹ́ kan tó nílò ìrànlọ́wọ́, ẹ ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀, kí ẹ sì kí i níwájú àwọn èèyàn bó ṣe yẹ.

Ní ti ẹni tó bá pàdánù, Ahmadu Bello fi àpẹẹrẹ tirẹ̀ lélẹ̀. Ní 1938, ó du ipò Sultan, Abubakar ló sì gbà á. Abubakar ló fi í jẹ Sàrdáúnà, Ahmadu Bello sì gbà láti bá a ṣiṣẹ́. Kò dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ láti máa bá ọba jà. Ẹni tó bá du alága tí kò rí i, kó ṣọ́ ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbò dáadáa, nítorí ohun tó bá sọ níbẹ̀ làwọn èèyàn yóò máa rántí.

ÌWÀ KẸFÀ: WỌ́N Ń YIN IṢẸ́ TÍ OJÚ RÍ

Kì í ṣe àwọn ọba nìkan ni Asma'u kọ ewì ìdárò fún. Ó kọ fún Zahra'atu, obìnrin tó máa ń ran àwọn aboyún lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìrọbí, tó sì máa ń tọ́jú òkú obìnrin fún ìsìnkú. Ó kọ fún Hauwa'u, jaji tó ti mú àwọn obìnrin wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ṣe gan-an ló kọ síbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn tó kù gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ náà kà sí iṣẹ́ rere.

“Ẹ kú iṣẹ́ o” dára, àmọ́ kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ẹ wo ìyá ẹgbẹ́ tó sọ báyìí níwájú gbogbo èèyàn: “Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ dúró ti ọmọ ẹgbẹ́ wa tuntun tó bímọ ní ọsibítù lóru ọjọ́ Àìkú, tí ẹ kò kúrò títí ọkọ rẹ̀ fi dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàtẹ́wọ́ fún wọn.” Lọ́jọ́ kejì, obìnrin méjì mìíràn á ti mọ ohun tí wọ́n lè ṣe.

Ìbáwí náà rí bẹ́ẹ̀. Kóòṣì tó mọṣẹ́ kì í sọ fún ọmọ pé, “O ò dáa sí nǹkan kan.” Á pè é sí ẹ̀gbẹ́:

“Níbo lò ń wò kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ?”

“Ẹsẹ̀ mi ni, sà.”

“Ó dáa. Lẹ́ẹ̀kejì, gbójú sókè kó tó dé, kó o ti mọ ẹni tó o máa fún. Padà síbẹ̀, ṣe é kí n rí i.”

Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ fúnra rẹ̀ ló sọ àṣìṣe rẹ̀, àtúnṣe sì jẹ́ ẹyọ kan. Yìn ní gbangba, bá wí ní ẹ̀gbẹ́.

ÌWÀ KEJE: WỌ́N Ń WÁ ẸNU TÍ ÀWỌN ÈÈYÀN GBÀ GBỌ́

Ní 2003, ìfura kan tàn ká apá Àríwá pé oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ ní nǹkan mìíràn nínú. Àwọn ìpínlẹ̀ kan dá a dúró, àrùn náà sì ràn. Ìkéde orí rédíò kò ràn án. Ní 2009, àwọn ọba Àríwá dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú Sultan Muhammadu Sa'ad Abubakar III níwájú, ọ̀gá ológun tẹ́lẹ̀ tó gorí ìtẹ́ Sókótó ní 2006. Iṣẹ́ gba ọwọ́ hakimi, olórí agbègbè, dé ọwọ́ mai unguwa, ìyẹn olórí àdúgbò tó mọ ilé tí ọmọ tuntun wà. Òun ló ń bá àwọn tó ń fún ọmọ ní àjẹsára kan ilẹ̀kùn. Bàbá tó sì kọ̀ fún àlejò gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún ẹni tó mọ bàbá rẹ̀. Àwọn mìíràn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú, láti orí àwọn dókítà dé orí àwọn obìnrin tó ń ti ilé dé ilé. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdánidá (wild poliovirus) ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà.

Nígbà tí ẹgbẹ́ yín bá kọ ohun kan, ẹ má kọ́kọ́ gbé ohùn sókè. Ẹ béèrè méjì: kí ni wọ́n ń bẹ̀rù, ta ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀? Ẹ lọ bá onítọ̀hún nílé, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí ó jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ ṣe ohun náà níṣojú wọn.

OṢÙ ÀKỌ́KỌ́

Ẹ má ṣe gbìyànjú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣe é báyìí:

Ọ̀sẹ̀ kìíní: Ẹ má yí nǹkan kan padà. Ẹ wo ẹni tí àwọn èèyàn ń lọ bá, ẹ sì kọ orúkọ mẹ́rin sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì: Ẹ pe àwọn mẹ́rin náà. Ẹ kọ́ wọn ní ohun kan ṣoṣo. Ẹ fún wọn ní àmì níwájú gbogbo ẹgbẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: Ẹ jókòó sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ìyókù. Bí wọ́n bá ṣì í sọ, ẹ dákẹ́. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú wọn lẹ́yìn tí àwọn tó kù ti lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: Ẹ ka ìṣirò owó. Ẹ yin iṣẹ́ ẹni méjì ní pàtó. Ẹ wá ẹnì kan tí ẹ̀yin rẹ̀ kò rẹ́, kí ẹ ràn án lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ jù ni ọ̀sẹ̀ kẹta. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í fẹ́ rí i kí ẹlòmíràn máa ṣe é lọ́nà tó falẹ̀. Á já a gbà, á ṣe é fúnra rẹ̀, iṣẹ́ á yá lọ́jọ́ náà, ẹ̀kọ́ á sì kú. Bí ọwọ́ bá ń yún yín, ẹ di í sẹ́yìn.

ÌDÁNWÒ

Asma'u kú ní 1864. Maryam, àbúrò rẹ̀, gba iṣẹ́ náà ṣe, àwọn jaji sì ń bá a lọ. Títí dòní ni àwọn obìnrin ń jẹ́ 'Yan Taru ní Sókótó, àwọn obìnrin Mùsùlùmí kan ní Amẹ́ríkà sì ti mú àpẹẹrẹ náà lò. Ẹ dán ti ẹ̀yin náà wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pa fóònù iṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ má béèrè ẹni tó ṣẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó dẹnu kọlẹ̀. Ohunkóhun tó bá dẹnu kọlẹ̀ nígbà tí ẹ kò sí jẹ́ ohun tí ẹ ń ṣe tí ẹ kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni méjì sí iwájú rẹ̀, kí ẹ sì fi òun bẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀.